Gbodo Lórí Mọ́tò Mi

Ẹ gbà mí o, wọ́n ti sá gbodo sórí mọ́tò mi!

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Fìdítì ni. Iwájú ilé tí mo gbà kò gba mọ́tò, ni mo bá bẹ Àlàájà ilé kejì pé kí n gbé ìjàpá mi sí àgbàlá wọn fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní kò burú.

Láàárọ̀ yìí tí mo fẹ́ lọ gbé ìyàwó mi ní Ìbàdàn, iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èlùbọ́ ló bo mọ́tò látorí dé iwájú.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jáde."

"Tíṣà, kò tíì gbẹ. Irin yẹn ń gbóná ju àpáta lọ."

"Ìyàwó mi ń dúró dè mí!"

"Wọ bọ́ọ̀sì. Òun náà á jẹ níbẹ̀."

Mo ń yí mọ́tò ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi. Ni òjò bá ṣú. Inú mi dùn, mo ní wọ́n á kó o kúrò wàyí.

Àlàájà sáré jáde, wọ́n nawọ́ sí mi:

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá, ká tètè kó o sínú mọ́tò!"

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òjò ti ń kán. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó ṣílẹ̀kùn?