Bàbá Tó Ń Gbọ́ Ìwàásù Lábẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì

Bàbá mi kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ kò sí ìwàásù kan tó fò ó. Àlàyé rẹ̀ kò le. Orí òpó ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, bí gbogbo ilé tó wà ní ìletò wa ṣe wà lórí òpó, nítorí omi ni ilẹ̀ tiwa. Ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, Bàbá ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Ìyé, èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ síbẹ̀. Ìyé là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Bí a bá ti gun àkàbà wọlé tán, Bàbá a ti ọkọ̀ sábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí òjìji wà, a so ó mọ́ òpó kan, a mú àwọ̀n tó ya jáde, a sì máa tún un ṣe títí àwa ó fi jáde.

Àlàfo wà láàárín pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yẹ kí n dijú gbàdúrà, orí Bàbá tó ń dán ni mo máa ń wò láti òkè. Bí omi bá kún, orí yẹn a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó, Bàbá a sì ní láti fi orúnkún lélẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyé fẹ́ràn àwọn ọjọ́ tí omi bá kún gan-an. Ó ní ọjọ́ náà ni ọkọ òun máa ń kúnlẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run, bó fẹ́, bó kọ̀.

Bí a bá ń padà sílé, Bàbá ló máa ń ṣàríwísí ìwàásù. “Ọ̀rọ̀ òní gùn jù. Ohun tó fẹ́ sọ ò ju gbólóhùn méjì lọ.”

Ìyé a dáhùn pé, “Ẹ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.”

“Ta ló gbọ́? Ṣé mo lè di etí mi ni, kí n tún máa fọwọ́ tún àwọ̀n ṣe?”

Ọjọ́ kan wà tí orin fẹ́ dójú ti ẹgbẹ́ akọrin wa. Ẹni tó lé orin ti gbé e sókè jù. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kejì, ohùn já mọ́ wọn lọ́fun, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì pa rọ́rọ́. Àfi bí ohùn ọkùnrin kan ṣe gbé orin náà láti abẹ́ ẹsẹ̀ wa, ní ìwọ̀n tó yẹ kó wà, ó rọra ń bá a lọ. A wo ara wa lójú. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìjọ tẹ̀ lé e, a sì kọ orin náà dé òpin. Omi ti lé ròrò sójú Ìyé, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀, kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ ṣeun fún orin yẹn o.”

Bàbá ń tú okùn lára òpó. Ó ní, “Orin wo? Ẹja ni mo ń pè.”

Kì í ṣe pé ó ń bá Ọlọ́run jà. N kò gbọ́ kó sọ ọ̀rọ̀ òdì sí I rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ lójú òun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kí wọ́n tó bí mi, wọ́n ti bí ọkùnrin kan, àkọ́bí wọn. Ibà mú un, gìrì sì gbé e. Bàbá àti Ìyé gbé e sínú ọkọ̀, ó di Igbókòdà, níbi tí ọsibítù wà. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín omi. Bàbá ń fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó ń gbàdúrà, ó ń fà, ó ń gbàdúrà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì máa fi jí, ọmọ ti lọ lọ́wọ́ Ìyé. Orí omi yẹn ni Bàbá ti sọ fún Ọlọ́run pé òun kò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Rẹ̀ mọ́ láyé. Ìyé ló sọ ọ́ fún wa. Bàbá fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ rí.

Ó sì pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Bí ó bá pa ẹja rẹpẹtẹ, á ní, “Ọlọ́run ṣeun.” Ọpẹ́ kò wọ́n ọn. Ṣùgbọ́n kò béèrè. Bí òjò bá ká a mọ́ ojú òkun, kò ní bẹ Ọlọ́run pé kó dá a dúró. Yóò kàn máa gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀.

Ìyé tí ọmọ kú sí lọ́wọ́ ni kò dákẹ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Àdúrà tirẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó káwọ́ gbera tó ń wòkè o. Lẹ́yìn ikú ọmọ náà, ó lọ bá ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe létí omi, ó ní kó kọ́ òun. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó kọ́ ọ. Láti ìgbà náà, púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì tuntun kan kì í kúrò ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e bí ẹni wé owó. Bí ibà bá mú ọmọ ẹnikẹ́ni ní ìletò wa, Ìyé ni wọ́n ń pè, ì báà ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà ṣe ọmọ àwọn Mùsùlùmí tó ń ta ẹja gbígbẹ ní apá kejì afárá pákó. Ó máa ń sọ fún ìyá ọmọ pé, “Ẹ máa gbàdúrà, ẹ má dákẹ́,” ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wà lára okùn ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ti ara wọn ṣubú lórí afárá wa lónìí ni Ìyé ti gbé la omi já lọ sí Igbókòdà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yè. Ó sunkún àwọn tí kò yè, ó sì tún dìde nígbà tí wọ́n tún pè é.

Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìyé a lu agogo kékeré kan, a jí wa sí àdúrà. Bàbá a wà lórí ibùsùn lẹ́yìn aṣọ ìkélé, a máa díbọ́n pé òun ń sùn. Àdúrà Ìyé ní ètò tirẹ̀, kì í yẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ gbàdúrà fún àwọn tó wà lójú òkun. Opó tó ń gbé ní ẹ̀bá omi ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà àwọn aláìsàn, ó ń dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wa ní etí ìlú Abẹ́rẹ́kẹ́, lẹ́yìn náà àwa ọmọ. Ìyá arúgbó Mùsùlùmí tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa a máa ṣe àmín láti ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Ní ìkẹyìn pátápátá, Ìyé a gbé ohùn sókè díẹ̀ kí aṣọ ìkélé lè gbọ́. Á ní, “Ọkọ mi ń bá Ọ yodì. Má bá a yodì o.”

Bẹ́ẹ̀ ló ń wí láràárọ̀ ayé. Bàbá a yí ara padà lórí ibùsùn, ibùsùn a dún.

Èmi kì í ṣe onísùúrù, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo di tíṣà ní Igbókòdà, tí mo ń wá sílé lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo bá Ìyé níbi tó ti ń yí ẹja padà lórí iná, èéfín ń ta wá lójú, mo ní, “Ìyé, ẹ fi Bàbá sílẹ̀. Ó ti tó. Ọkùnrin yìí ti darúgbó sábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.”

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ọma mi, ẹni tó bá ṣì ń so ọkọ̀ mọ́ òpó ilé ẹni, kò tíì bínú tán sí onílé.” Ó yí ẹja kan padà, ó tún ní, “Bí mo bá sì dákẹ́, ta ni yóò máa dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀?”

Mo bínú, mo fa agbọ̀n, mo ń kó ẹja tó ti gbẹ sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù Ìyé nídìí iná ẹja yẹn gan-an. Bàbá ló gbé e dé Igbókòdà, mo sì bá wọn ní ọsibítù. Ẹ́ńjìnnì kò kú lọ́tẹ̀ yìí. Ìyé yè. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣe é gbé mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó dùn wá jù ni ohùn. Bó bá la ẹnu, ìró ló ń jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Àwọn dókítà ní ohùn náà lè padà, ó sì lè má padà.

A gbé e wálé. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti tọ́jú rẹ̀. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n gbàdúrà kíkan-kíkan, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n bí àfẹ̀mọ́júmọ́ bá ti dé, Ìyé a jí, ètè rẹ̀ a máa mì, omi a máa yọ ní ojú rẹ̀ kan. Obìnrin tó ti ń dárúkọ gbogbo ìletò fún Ọlọ́run kò lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ọkàn mi bàjẹ́ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ sílẹ̀ lọ. Mo bínú sí Ọlọ́run, kí n má tàn yín, mo bínú sí I gan-an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní kí n gbìyànjú. Mo lu agogo, àbúrò mi jókòó tì mí, Ìyé sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní láàárín wa. Mo gbàdúrà fún àwọn tó wà lójú òkun. Mo bọ́ sórí àwọn aláìsàn. Ọwọ́ òsì Ìyé na ẹní gbà! Mo dákẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún na ẹní gbà, ó ń fi ojú bá mi wí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. N kò mọ ohun tí mo ṣe.

“O ti fo opó ẹ̀bá omi.”

Bàbá ni. Ó sọ ọ́ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, bí ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu lójú oorun. “Àwọn tó wà lójú òkun, opó ẹ̀bá omi, kó tó wá kan aláìsàn. Kí lo kọ́ ní gbogbo ọdún tí o fi jókòó síbẹ̀?”

Ó fa aṣọ ìkélé sápá kan, ó jáde. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyé, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún Ìyé tó ti rọ lé itan tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyé ló ń sọ, pẹ̀lú ìdúró rẹ̀, pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀ tí Ìyé máa ń wú kó tó bọ́ sórí òmíràn. Kò fo ẹnì kan. Ó dárúkọ àwọn aláìsàn tí èmi kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣàìsàn. Àmín ń wá láti ilé kejì. Ó gbàdúrà nípa òkun, ó gbàdúrà fún àwa ọmọ.

Gbogbo wa la mọ ohun tó kàn. Ìyé la ojú sílẹ̀, ó ń wò ó. Ọkọ̀ kan kọjá lọ nísàlẹ̀, ìgbì rẹ̀ sì mi ilé wa díẹ̀.

Bàbá ní, “Ọkọ mi ń bá Ọ yodì. Má bá a yodì o.”

Bí Ìyé ṣe máa ń wí i náà ló wí i. Ẹ̀rín gbé mi, ẹkún sì gbé mi, mo fi ìborùn bo ojú. Mo rò pé ó ti parí, mo fẹ́ ṣe àmín. Kò tíì parí. Ohùn tirẹ̀ ló wá fi sọ̀rọ̀, ohùn kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Èmi náà nìyí. Mo ní mi ò ní béèrè mọ́. Mo ń béèrè. Fún un ní ohùn rẹ̀. Bí O kò bá fún un lónìí, mo máa padà wá lọ́la.”

Ìyé gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó fi ń na ẹní, ó fi lé apá Bàbá, kò sì gbé e kúrò títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bàbá padà wá lọ́la. Ó padà wá lọ́tùn-únla. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi ní Igbókòdà báyìí, ohùn Ìyé kò sì tíì dé. Ní òwúrọ̀ yìí mo pe Bàbá lórí fóònù kí n tó lọ sí ilé ìwé, láti béèrè bí wọ́n ṣe jí. Àbúrò mi ló gbé e. Ó rọra sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ tún pè tó bá yá. Bàbá kò tíì béèrè tán.”