Edé Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Ẹ̀fọ́

Ọmọkùnrin mi fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Sunday. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, ó mú mi lọ jẹun ní Bódìjà, nílé oúnjẹ àwọn ará Ítálì kan tí wọn kì í ti í se ẹran, tí wọn kì í se ẹja. Ó ní òun fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Ọdún tó kọjá ló dùbúlẹ̀ àìsàn ní ọsibítù kan ní Jẹ́ríkò. Níbẹ̀ ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé bí òun bá lè dìde, ohunkóhun tó bá ní ẹ̀mí ò ní í kan ẹnu òun fún ọdún kan gbáko. Ó dìde lóòótọ́, àmọ́ ó rù kan egungun. Inú bí mi. Ta ló ní kó jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, kí n wá jókòó máa wo tèmi kó máa gbẹ lójú mi? Gbogbo Sunday tó bá wá jẹun nílé mi ní Challenge, mo máa ń lọ edé àti ẹja gbígbẹ kúnná, màá pò ó mọ́ ata, màá dà á sínú ẹ̀fọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé irú nìkan ni. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ó ní Ọlọ́run ló ń bọ́ òun. Mo tún bu ẹ̀fọ́ sí i fún un.

Ní Bódìjà, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, síbẹ̀ mo ń làágùn. Wọ́n gbé sìpàgẹ́tì wá tòun ti ìgbá àti olú. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó bi ọmọbìnrin tó gbé e wá bóyá omi ẹran wà nínú ọbẹ̀ tòmátì yẹn. Ìyẹn ní rárá. Ó tún tọ́ka sí nǹkan pupa kéékèèké kan, ó ní kó lọ bi àwọn tó ń dáná. Ọmọbìnrin náà lọ, ó bọ̀, ó ní tòmátì gbígbẹ ni. Ọmọ mi wá kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọdún ẹ̀jẹ́ òun pé lọ́la, pé láti ọdún kan, kò síbi tí òun ti ń jẹun láìbéèrè àfi ọ̀dọ̀ mi, òun á sì sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ta ló fẹ́ mọ̀? Àmọ́ kí ọmọ mi dúró níwájú ìjọ Ọlọ́run, kó máa pa irọ́ tí kò mọ̀ pé irọ́ ni? Mi ò lè gbà á.

"Má jẹ́rìí lọ́la," mo ní. "Mo ti ń fi edé sínú ẹ̀fọ́ rẹ. Edé àti ẹja."

Fọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà mélòó, Mà?"

"Gbogbo ìgbà."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Mo ṣàlàyé títí, pé ó ń kú lọ lójú mi ni, pé kò sí ìyá tó lè wò ó níran. Ó ní òun gbọ́. Ó sanwó, ó gbé mi délé, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi bó ṣe máa ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí, kò dìde. Láti àárọ̀ la ti jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ náà la gbà délé mi. Epo, ata àti irú nìkan ló wà nínú ẹ̀fọ́ tí mo sè, Ọlọ́run ń gbọ́. Mo bù ú, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó fọwọ́ rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ ṣé, Mà," ó ní. "Mo ti jẹun."