Elégbè Kan Ṣoṣo ní Zelenka

Tekla Hawryluk kò bẹ̀rù ikú. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pa kó tó kú, kí òkú rẹ̀ má lè ti ibẹ̀ lọ sùn ti ọkọ rẹ̀.

Àwa tó kù ní Zelenka, láàárín pápá àlìkámà Saskatchewan ní Kánádà, kò pé mẹ́wàá. Reluwé kò dúró mọ́, ẹyẹlé ló ń gbé ilé ìwé, àwọn ọmọ ti wáṣẹ́ lọ sí ìlú. Ọmọ ìjọ Luther ni àwa yòókù, a sì ti ta ṣọ́ọ̀ṣì tiwa fún àgbẹ̀ kan, ó ń kó àlìkámà sí i. Nínú ìdílé àwọn ará Yukréènì tó tẹ abúlé náà dó, Tekla nìkan ló ṣẹ́ kù.

Lọ́dọ̀ tiwọn, àlùfáà kì í dá ìsìn ṣe. Tó bá lé orin, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbè é. Láti ìgbà tí ọkọ Tekla ti kú, òun nìkan ló ń gbè fún àlùfáà tó ń ti ìlú wá lóṣooṣù. Bíṣọ́ọ̀bù sì ti pàṣẹ pé lọ́jọ́ tí àlùfáà bá lé orin tí kò rí ẹni gbè é, kó ti ilẹ̀kùn, kó mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀.

Nígbà òtútù ọdún kan ni àìsàn gba ohùn Tekla. Mo ń kó igi sí ààrò rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí Halvard Nygaard wọlé, aládùúgbò tí òun àti Tekla ti ń jà lórí pẹ́pẹ́yẹ láti ayébáyé.

"Kọ́ mi," ni Halvard wí.

"Kí n kọ́ ọ ní kí ni?" Ohùn Tekla kò ju ọ̀rọ̀ etí lọ.

"Ohun tí ẹ fi ń dá àlùfáà yín lóhùn."

Tekla wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ? Ohùn tó ń lé màlúù mi sá yẹn?"

"Màlúù rẹ ò mọ orin. Kọ́ mi jàre."

"Hospody pomylui" ló kọ́ ọ, ìyẹn Olúwa, ṣàánú. Ìdí ọbẹ̀ bíìtì ni wọ́n ti kọ́ ọ, pẹ̀lú èébú lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí Halvard mọ̀ ọ́n, ó nawọ́ sí ìparí ìwé orin Tekla.

"Èyí ńkọ́?"

"Orin òkú nìyẹn. A kì í kọ́ ọ láìsí òkú nílẹ̀. Àbí o fẹ́ pa mí ni?"

"Ká ní mo fẹ́ pa ọ́ ni, ọjọ́ tí pẹ́pẹ́yẹ rẹ jẹ kábéèjì mi tán ni mi ò bá ti pa ọ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà lé, Halvard gbè. Ó gbè níbi tó yẹ, ó gbè níbi tí kò yẹ; àlùfáà wúkọ́, ó gbè é. Tekla fi ìborùn bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Àlùfáà kò mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Kí yìnyín tó yọ́, Tekla kú. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ìlú dé, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àlùfáà lé orin, wọ́n ń wo bàtà ara wọn. Inú bí mi sí wọn gidigidi. Èdè ìyá wọn ni. Halvard nìkan ló ń gbè.

Nígbà tó kan orin òkú, àlùfáà lé e, kò sẹ́ni tó mọ ègbè rẹ̀. Halvard dìde, ó di etí pósí mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ẹyọ kan tó mọ̀ gbè é: Olúwa, ṣàánú. Àlùfáà dúró dè é títí ó fi kọ ọ́ tán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé Tekla gba ilẹ̀kùn yẹn jáde lọ bá ọkọ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, Halvard fa aṣọ àlùfáà.

"Ẹ kọ́ mi ní èyí tó kù," ló wí. "Òkú ti wà nílẹ̀ báyìí."