Odindi Ràmọ́tà

Bí ẹ bá dé Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ béèrè Ràmọ́tà aránṣọ, wọn á bi yín pé èwo nínú wọn. Ẹ ṣáà ní èyí tó ń tiro. Kíá ni wọn yóò júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ní Ayépé nígbà tó wà ní kékeré, nítorí náà kì í lo ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà. Ọwọ́ ló fi ń yí tirẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ló fi ń kọ ìtàn.

Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ wọ́n. Obìnrin tó ka ìwé mẹ́fà péré, ìyàwó kejì, ẹlẹ́sẹ̀ kan: kí ló fẹ́ sọ tí ayé ò tíì gbọ́? Bí Ràmọ́tà bá ti kírun àsùbáà tán, á jókòó, á máa kọ ìtàn ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ kí àwọn oníbàárà tó dé.

Adéṣẹwà, olùkọ́ yunifásítì kan tó wá gba aṣọ, ló rí ìtàn náà lórí tábìlì, tó sì kà á lóòró títí ó fi tán. Ó ń kó ìtàn àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú jọ láti fi tẹ̀wé. Ó ní ti Ràmọ́tà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Inú Ràmọ́tà dùn débi pé apá aṣọ oníbàárà kan ló rán sódì lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, Adéṣẹwà padà wá.

“Ẹ̀gbọ́n, ìtàn yín dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ìrun wà níbẹ̀, ìyáálé tún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹsẹ̀ nìkan sílẹ̀.”

Ràmọ́tà fẹ́ kí ìwé yẹn jáde, kò sí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ó gbójú sókè.

“Àǹtí, lọ́jọ́ kan, mò ń ṣe àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà, ìyáálé mi ní, ‘Arọ, má fi omi dínà mọ́ àwọn tó lẹ́sẹ̀.’ Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, èwo lẹ fẹ́ yọ? Ẹsẹ̀ ni, àbí àlùwàlá, àbí ìyáálé? Gbogbo rẹ̀ ló bá mi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ ò bá lè tẹ odindi mi, ẹ dá ìtàn mi padà.”

Adéṣẹwà gbé ìtàn náà lọ, ó rò ó, ó sì ránṣẹ́ pé odindi làwọn máa tẹ̀.

Ó wá ku Kúbúrátù, ìyáálé náà fúnra rẹ̀. Síkírù ọkọ wọn ti kú, àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé, wọ́n sì ti ń bá ara wọn gbé dáadáa. Kúbúrátù ò mọ̀wé, Ràmọ́tà ò sì fẹ́ kí ilé ọ̀hún tún dàrú. Ó ti fi orúkọ mìíràn bo gbogbo wọn nínú ìtàn. Àmọ́ ẹ gbọ́ àṣìṣe aya ilé! Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, orúkọ tirẹ̀ ló máa ń sọ wọ́n. Agúntáṣọlò ni Ràmọ́tà ń pe Abdulrauf, àkọ́bí Kúbúrátù, láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ ọ́ síbẹ̀ láìfura.

Lọ́jọ́ ìkójáde ìwé, gbọ̀ngàn kún. Àwọn obìnrin àsàlátù wọn wá nínú híjáàbù funfun. Kúbúrátù jókòó níwájú pátápátá, ó wá bá ìyàwó rẹ̀ yọ̀. Ràmọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bó ti pe Agúntáṣọlò báyìí, Kúbúrátù gbé orí sókè. Gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò.

Ràmọ́tà rí i. Ọ̀rọ̀ àlùwàlá ló kàn, ó sì lè fò ó. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Adéṣẹwà má yọ nǹkan kan. Ó kà á bó ṣe wà, “Arọ, má fi omi dínà mọ́ àwọn tó lẹ́sẹ̀.”

Obìnrin àsàlátù kan pòṣé, ó ní, “Ṣé ó yẹ kéèyàn máa tú àṣírí ilé báyìí?”

Kúbúrátù dìde.

“Ẹ dákẹ́! Èmi ni ìyáálé náà. Mo sọ ọ́, kò purọ́ mọ́ mi.” Ó kọjú sí Ràmọ́tà. “Ìyàwó mi, máa kà á lọ. Mo fẹ́ mọ irú ẹni tí mo dà lẹ́yìn ìyẹn.”

Omijé ń bọ́ lójú Ràmọ́tà, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ka ibi tí ìyáálé yẹn ti gbé àga lọ sí mọ́ṣáláṣí, tó gbé e sí ìlà iwájú láàárín àwọn obìnrin kí ìyàwó rẹ̀ lè jókòó kírun, tó ní kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn wá gbé e kúrò. Kúbúrátù wà lóòró títí ó fi kà á tán.