Ìjà Èmi àti Bọ̀ọ̀dá Mi Lórí Géèmù Àtijọ́ Tí Wọ́n Tún Ṣe

Lọ́jọ́ tí mo gbá géèmù náà parí, mo kọ èrò mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ti máa ń pàdé. Mi ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Mo ní géèmù àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe yìí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti pé ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, àárò ìgbà èwe rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ géèmù kọ́ ló ń sọ.

Mo lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí géèmù yẹn wọ ilé wa, yàrá kan àti pálọ̀ tí a ń gbé ní Jójú, ní Sángò Ọ̀tà. Ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù ní Ọ̀tà bí olú. Kò sí oṣù tí a kì í rí ẹni tuntun tó kó ẹrù dé. Ọ̀kan nínú wọn ni olùkọ́ yunifásítì kan tó gba fúláàtì iwájú ilé wa. Bọ̀ọ̀dá mi, tó fi ọdún méje jù mí lọ, ló máa ń bá a tún waya tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ṣe. Nígbà tí yunifásítì fún olùkọ́ náà nílé nínú ọgbà wọn, ó fi ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan ta bọ̀ọ̀dá mi lọ́rẹ. Géèmù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù. Ìtàn ni. Ìwọ tí o bá ń gbá a lo máa di ọmọbìnrin kan tó ń wá ibi tí odò ìlú rẹ̀ ti ṣẹ̀, torí odò náà ti gbẹ. Wàá máa rìn láti ìlú dé ìlú, àwọn èèyàn á máa bá ọ sọ̀rọ̀, ìwọ náà á sì máa yan èsì tí o fẹ́ fọ̀. Èsì tí o bá fọ̀ ni yóò sọ ibi tí ọ̀nà rẹ yóò gbà. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń fọhùn nínú rẹ̀. Òyìnbó ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n wínníwínní.

Ọdún yẹn náà ni Màámi bí ọmọbìnrin kan tí kò lò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Bàbá wa ń wa tírélà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà. Màámi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan lẹ́yìn Sángò, gba ìsinmi, wọ́n sì jókòó sílé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n lọ. Màámi kò sunkún lójú wa. Orí àga kan náà ni wọ́n ń jókòó sí láràárọ̀, wọ́n á kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ì báà jẹ́ pé kò sí iná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná wà, èmi àti bọ̀ọ̀dá mi ń gbá géèmù náà. Ọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi lójú tẹlifíṣọ̀n. Màámi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wa.

"Kí ni ọkùnrin yẹn ń wí?"

Bọ̀ọ̀dá mi yíjú padà. "Ó ní òun máa gbé wa sọdá, Màámi, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Atukọ̀ là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Sángò ni bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ gáréèjì ló yá lẹ́nu rẹ̀. Ó ronú títí. Ó ní, "Dírẹ́bà ni. Dírẹ́bà orí omi."

Màámi rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù kan tí a ti gbọ́ ẹ̀rín wọn kẹ́yìn. Bọ̀ọ̀dá mi wò mí, mo wò ó. Ó ka ìbéèrè àkọ́kọ́, ó túmọ̀ rẹ̀, Màámi sì dáhùn.

Láti ọjọ́ náà lọ, bọ̀ọ̀dá mi ń kà, ó ń túmọ̀, Màámi ń pinnu, èmi sì ń di páàdì tí a fi ń gbá géèmù mú nígbà tí ìjà bá dé, torí ọwọ́ mi yá ju tirẹ̀ lọ. Màámi kò fọwọ́ kan páàdì rí, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n gbá géèmù yẹn. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé ìránṣẹ́ ọba kan inú rẹ̀ ń purọ́, ó sì ń purọ́ lóòótọ́. Nígbà tí a gbá a parí, wọ́n ní ó dáa, wọ́n dìde, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ó ti pẹ́ tí gbogbo ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Bàbá wa kọ́ ilé sí Ìjòkó kí ó tó kú, ibẹ̀ ni Màámi ń gbé báyìí. Bọ̀ọ̀dá mi ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ ńlá kan ní ọ̀nà Ìgbẹsà. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan, mo sì lè sọ láìtijú pé géèmù yẹn ló kọ́ mi ní òyìnbó tí mo fi wọ ibẹ̀.

Ní ọ́fíìsì wa ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti tún géèmù náà ṣe. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi gba ẹnu gbogbo wa nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọbìnrin kan tó jókòó ti mí, tí wọn ò tíì bí nígbà tí ti àtijọ́ jáde, ní òun fẹ́ràn rẹ̀ dójú ikú. Ọ̀gá wa ní ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ ti dán jù, ó ní kò sẹ́ni tó ń rìn nínú eruku tí ojú rẹ̀ máa ń dán tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ń bínú pé èèyàn lè fi ibi tó gbá géèmù dé pamọ́ níbikíbi tó bá fẹ́ báyìí, nígbà tó jẹ́ pé láyé àtijọ́, ó dìgbà tí o bá dé ilé àdúrà inú géèmù kí o tó lè fi í pamọ́. Ó ní wọ́n ti mú ẹ̀rù kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di ògì ọmọ ọwọ́.

Ìyẹn ni mo dáhùn nínú ohun tí mo kọ. Mo ní ẹni tó bá dàgbà sí Ọ̀tà mọ̀ pé iná lè lọ nígbà tó bá ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí o dé ilé àdúrà, kí iṣẹ́ ọ̀sán kan sì ṣòfò. Ìyà nìyẹn, kì í ṣe adùn. Mo yin àwòrán rẹ̀, mo sì yin ohùn tí wọ́n fi sẹ́nu àwọn èèyàn inú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pẹ̀lú mi. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí kò jẹ́ kí n sinmi. Òyìnbó ló fi ń kọ̀wé, àmọ́ ohun tó ń sọ kò ju èyí lọ: "Ohùn yẹn ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fúnra rẹ̀ kà, òun ló máa pinnu bí yóò ṣe kà á. Ìwọ tí o kọ eléyìí kò mọ géèmù." Mo dá a lóhùn pé kí ó lọ gbé ti àtijọ́ rẹ̀ mọ́ra. Ó tún fèsì. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí, àwọn mìíràn sì ń gbè sẹ́yìn wa lọ́tùn-ún lósì.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó kọ ọ́ pé ìbéèrè mẹ́ta náà kò ní adùn mọ́. Láàárín òyìnbó rẹ̀, ó pe ọkùnrin inú ọkọ̀ náà ní Dírẹ́bà orí omi.

Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú gbogbo ayé, ilé kan ṣoṣo ló ń pe ọkùnrin yẹn bẹ́ẹ̀. Mo gbé fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ń bú mi láti ọjọ́ Mọ́ńdè?"

Ariwo ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni? Mo ti ń sọ ọ́ pé ọmọ aláìgbọràn wo lèyí."

"Ẹ wá sí Ìjòkó ní Sátidé. Mo máa gbé e dání. Màámi ló máa dá ẹjọ́ náà fún wa."

Ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró. "Má jẹ́ kí Màámi gbọ́ ohùn yẹn."

"Kí ló dé?"

"Kò dáa. Mo ti sọ fún ẹ pé kò dáa."

Mo rò pé ẹ̀rù ń bà á pé mo máa borí rẹ̀ ni. Orí kunkun wà ní ìdílé wa.

Ní Sátidé, mo dé Ìjòkó kí oòrùn tó mú. Bọ̀ọ̀dá mi ti wà níbẹ̀. Màámi wọ awò ojú wọn, wọ́n fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká rí ohun tó sọ yín di ọ̀tá." Ohun kan wà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Màámi ti ń gbọ́ òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí pásítọ̀ ti ń fi òyìnbó wàásù tí ògbufọ̀ sì ń tẹ̀lé e, òyìnbó tí ìyẹn kọ́ wọn sì pọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ lọ.

Ọkùnrin inú ọkọ̀ kọ́kọ́ fọhùn. Màámi tẹ́tí.

"Ta nìyẹn?"

"Dírẹ́bà orí omi ni, Màámi," ni mo wí.

"Kì í ṣe òun. Ẹni yìí ń sọ̀rọ̀ bíi pásítọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé."

Bọ̀ọ̀dá mi fọwọ́ gbá itan, ó ní òun ti borí. Mo gbà pé ó gba àmì kan. Ṣùgbọ́n Màámi ní àwòrán rẹ̀ dára, àwọn rí omi báyìí pé omi ni. Èmi náà gba àmì kan nìyẹn. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, inú wa dùn, títí a fi dé ìlú orí òkè níbi tí obìnrin kan ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń tọrọ aṣọ òtútù tí ọmọbìnrin inú géèmù fi bo èjìká.

Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Fò ó. Kò ṣe pàtàkì."

Mi ò fò ó. Obìnrin náà fọhùn, òyìnbó rẹ̀ kò le. Ó ní ọmọ òun kú ní àárọ̀ yẹn, òun kò sì ní aṣọ tí òun máa fi wé e.

Màámi yọ awò ojú. Wọ́n ní, "Ọmọ rẹ̀ kú?"

Màámi kọjú sí bọ̀ọ̀dá mi. "Nígbà yẹn, o sọ fún mi pé ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò. O ní ó fẹ́ gba aṣọ náà pa mọ́ dè é."

Mo rántí lójú ẹsẹ̀. Màámi ti ní nígbà náà pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè kò gbọdọ̀ gba aṣọ lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ. A kò fún obìnrin náà. A bá tiwa lọ.

Bọ̀ọ̀dá mi ń wo ilẹ̀. "Mo ti ka á tán kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. Mo wo ojú yín, mi ò lè sọ ọ́. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí ọmọ tiwa lọ."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀.

Màámi ní, "O ṣeun. O ṣe é torí mi." Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n fi aṣọ du ẹni tó fẹ́ sin ọmọ."

"Géèmù ni, Màámi."

"Mo mọ̀ pé géèmù ni. Èmi kọ́ ni mo ṣe ìpinnu yẹn. Ìwọ lo ṣe é, o kàn gba ẹnu mi sọ ọ́." Wọ́n nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ fún un."

A fún un. Ọmọbìnrin inú géèmù bọ́ aṣọ náà lọ́rùn, obìnrin náà gbà á, ó sì wọlé. Màámi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ fún wa pé irun ọmọ ọlọ́jọ́ mọ́kànlá yẹn kún bíi ti bàbá wa, pé ó máa ń di ìka ènìyàn mú tí kò fi ní jọ̀wọ́ rẹ̀. A kò gbọ́ èyí rí. Bọ̀ọ̀dá mi béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí, Màámi sọ fún un. Wọn ò sunkún, ohùn wọn balẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n ní ebi ń pa àwọn, kí n lọ gbé ìrẹsì kaná.

Nínú ilé ìdáná, bọ̀ọ̀dá mi wá bá mi. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ gbọ́ ohùn obìnrin yẹn nínú géèmù tí òun yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ńṣe ni òun pa ẹ̀rọ náà. Ó ní ó dà bíi pé ẹnì kan dìde láàárín ìjọ, ó ń tú òun fó. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí mo kọ nípa àárò ìgbà èwe. Ó ní kò burú.

Mo yọ gbólóhùn yẹn kúrò nínú èrò mi ní ọjọ́ kejì. Ìyẹn nìkan ni mo yọ. Mo ṣì sọ pé tuntun dára jù. Ohùn tí kò bojú wo ẹnikẹ́ni kó tó sọ̀rọ̀ ló jẹ́ kí ìyá wa gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni kí n tó sọ ìyẹn. Bọ̀ọ̀dá mi náà kò pa tirẹ̀ rẹ́. Ó tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé orin rẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn èèyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ ìjà mìíràn lórí orin.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó pè mí láti Ìgbẹsà pé òun ti ra tòun, àti pé òun ti pa gbogbo ohùn inú rẹ̀, òun ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra òun.

"Ó yẹ yín," ni mo wí. "Ti àtijọ́ kì bá tí jẹ́ kí ẹ yan bóyá ohùn ni tàbí kíkà."

Ó ní òun ń padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá òun ti ń pe òun.