Òkú Ṣì Wà Nílẹ̀ Nígbà Tí Àkókò Kọjá

Ní ìgbà kòkó, bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Uso, òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá títì ni yóò kọ́kọ́ kí èèyàn, ó kan díẹ̀, ó sì dùn díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, òórùn yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti délé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, inú mi ló máa ń dà rú bí mo bá gbọ́ ọ, nítorí kóòtù gíga ní Ọ̀wọ̀ ti gba oko wa fún ìdílé tí a jọ pààlà, inú oko náà sì ni ìyá mi ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kó tó kú. Bí a kò bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó di dandan kó kó jáde. Arúgbó bẹ́ẹ̀, níbo ni kó forí lé?

Oṣù mẹ́ta ni òfin fún wa láti pè é. Orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa, la fi ṣe ẹjọ́ ní kóòtù gíga yẹn, kò sì pẹ́ tí adájọ́ sọ̀rọ̀ tán tí bàbá náà fi kú. O mọ bí tiwa ṣe rí: bí òkú olórí ẹbí bá ṣì wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí sílẹ̀, kí wọ́n má baà ní à ń pín ogún lórí òkú. Kò sẹ́ni tó lè jókòó sípò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè rán lọ́yà níṣẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ń sọ pé àwọn ń bọ̀, àwọn ń bọ̀, òkú sì wà ní mọ́ṣúárì. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri yàrá àwa olùkọ́ níléèwé. Mo máa ń wò ó, màá sì yára gbójú kúrò. Bí mo bá la ẹnu, ìyá mi á ní, "Òkú ṣì wà nílẹ̀. Panu mọ́." Ìgbà tí a fi sin ín tán, tí a yan olórí ẹbí tuntun, àkókò ti kọjá.

Lọ́yà wa, obìnrin kan ní Àkúrẹ́ tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ̀ ń sìnkú, mà," ló wí fún ìyá mi. "Kóòtù kì í báni sìnkú." Ó ní ọ̀nà kan ló kù: ká tọrọ àfikún àkókò, ká sì búra sí ohun tó fà á tí a fi pẹ́. Akọ̀wé rẹ̀ dá a lábàá pé ká gba ìwé ní ọsibítù pé ara ìyá mi kò yá.

Ìyá mi ní, "Ara mi le. Mi ò ní fẹnu ara mi pe àìsàn wá."

Bí a ṣe kọ òótọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Mo fi ohun kan kún un: pé ní gbogbo àkókò ọ̀fọ̀ yẹn, àwọn tó borí wa gan-an kò fẹsẹ̀ kan oko náà. Bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí wọn wá bá wa jókòó ti òkú nígbà tí wọ́n gbé e wálé láti mọ́ṣúárì, òun ló sì dá àwọn ọmọ rẹ̀ dúró nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ oko. Èmi ni mo búra sí i. Lẹ́yìn tí mo búra tán ni ẹ̀rù wá bà mí gidi. Àwọn ọmọ bàbá yẹn ń sọ káàkiri pé bàbá àwọn á búra pé òun kò dé ilé wa rí. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò gba tèmi gbọ́?

Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó lọ́jọ́ tí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa. Lọ́yà wọn sọ̀rọ̀ títí pé ọ̀fọ̀ kì í ṣe òfin. Adájọ́ tó jókòó láàárín bi í bóyá wọ́n ní ìwé ìbúra tó tako tiwa. Lọ́yà náà bojú wẹ̀yìn, síbi tí bàbá náà jókòó sí láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá náà kò gbórí sókè.

"Oníbàárà mi kọ̀ láti búra, Olúwa mi," ni lọ́yà náà wí.

Wọ́n fún wa ní àfikún àkókò. Nígbà tí a jáde, mo kúnlẹ̀ kí bàbá náà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ mi ni, màá sì gbà á lọ́wọ́ yín," ló wí. "Àmọ́ mo jókòó ti òkú ní ulé yín. Mi ò lè gbé Bíbélì kí n ní mi ò jókòó."

Ọdún tó tẹ̀lé e ni òun náà kú. Láìpẹ́, lọ́yà wa pè mí lórí fóònù, ayọ̀ wà lóhùn rẹ̀: àkókò tí àwọn tí a ń bá ṣẹjọ́ ní láti fèsì sí ìwé wa ti kọjá, ká ní kí kóòtù gbọ́ ti àwa nìkan. Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún rèé! Mo sáré sọ fún ìyá mi.

"Ṣé wọ́n ti sin ín?" ló bi mí.

Mo ní rárá.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sin ín ná." Ló bá wọlé lọ wá aṣọ tí yóò wọ̀ lọ kí wọn.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́, àmọ́ mo ní kí lọ́yà dúró kí wọ́n sìnkú wọn tán. Ẹjọ́ náà ṣì wà ní kóòtù, àyà mi ṣì ń já bí fóònù bá dún. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, a ò sì tíì di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ pàdánù oko náà lọ́la, ọwọ́ ìdílé bàbá tó mọ ìgbà tí èèyàn ń ṣọ̀fọ̀ ni yóò bọ́ sí, ìyẹn nìkan ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn.