Ẹni tí Yèyé Kò Jẹ́ Dárúkọ

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣètò ojú fóònù: ibi tí èèyàn máa tẹ̀, ohun tó máa yọ tó bá tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, gbà pé fóònù ni mò ń tà. Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi.

Lẹ́yìn tí àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin kú, Yèyé kò gbádùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti ọjọ́ tí Yèyé ti wọlé wá bí ìyàwó. “Ojú àìsàn ni mi ín rí ṣáá,” ló máa ń sọ. Ó fẹ́ rí olóògbé náà bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

Fọ́tò kún inú agolo bisikíìtì nílé wa ní Ìkẹ̀rẹ́. Mo ya gbogbo wọn sínú tábúlẹ́ẹ̀tì kan, mo tẹ orúkọ kálukú sábẹ́ fọ́tò rẹ̀, mo sì ṣètò ojú rẹ̀ fún un, láìsí kíkà, láìsí kíkọ. Kó ṣáà tẹ àwòrán ẹnu, kó dárúkọ ẹni tó ń wá, ẹni náà á yọ. Iṣẹ́ náà wú mi lórí débi pé mo fi ìgbín jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Mo padà sí Adó, níbi tí mo ń gbé.

Nígbà tí mo tún dé, abẹ́ ìrọ̀rí ni tábúlẹ́ẹ̀tì wà. Yèyé ní odi ni.

“Báwo lẹ ṣe pè é?”

Ó tẹ àwòrán ẹnu, ó ké bí ẹni ń pe ará odò: “Eyínafẹ́!” Kò sí nǹkan tó yọ.

Mo rẹ́rìn-ín. “Yèyé, orúkọ wọn gan-an ni kí ẹ pè.”

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. “Èmi uyàwó? Kí mi p'orúkọ ọkọ mi? Éè ṣeé gbọ́ létí!”

Ó wá yé mi. Wọ́n ti bí ìyá tó kú náà kí Yèyé tó wọlé, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ìyàwó kì í dárúkọ irú wọn, orúkọ tirẹ̀ ló máa ń sọ wọ́n. Èjí ló fa Eyínafẹ́.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín pè é.”

“Ó o bá ti lọ s'Adó ńkọ́?”

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá àwọn ìyàwó ilé yòókù, kí wọ́n sọ orúkọ tí wọ́n fún àwọn ará ilé fún mi. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa. Akọ̀wé rèé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rèé, bẹ́ẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti di ẹni tó ń gba àga méjì. Ohun tí wọ́n ń pe bàbá mi kò ṣeé kọ síbí. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò, mo gbé e padà fún Yèyé.

“Eyínafẹ́!”

Ọmọge kan yọ, ó gbé iṣu dání, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn kedere. Mo ti ń retí ìyìn. Yèyé kò tilẹ̀ wò mí. Ó di àga mú, ó rọra kúnlẹ̀ síwájú tábúlẹ́ẹ̀tì.

“Ọkọ mi, ẹ kú ulé,” ló wí. “Éè sí ẹni tí í pè mí ní uyàwó mọ́.”